Bùráúsà Kọ́lá Tó Bá Wọn Lọ sí Ìbà

Ọ̀gá wa, tó ń ta kọ̀ǹpútà lọ́jà Àlàbá, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Igbó-Elérin. Nínú èmi àti Kọ́lá ni ẹnì kan yóò ti máa bójú tó o. Èmi ni mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti wọlé, "Kọ́lá dà?" ni wọ́n ń béèrè. Bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun ni mo ń wò ó. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ pàápàá ń bí mi nínú.

Ìyá oníléèwé kan láti Ìbà wá dá kọ̀ǹpútà kan padà lára àwọn tòkunbọ̀ tí Kọ́lá ṣètò fún wọn. Irinṣẹ́ kan wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà tó ń ṣọ́ sọ́fítíwià, tó máa ń sọ èyí tó ti gbó.

"Ó ní kí n ṣe ọ́pdéètì bùráúsà. Mo ṣe é, ó tún ní kí n ṣe é," ni ìyá náà wí. "Bí ẹ ò bá rí i ṣe, ẹ wá kó gbogbo ẹ̀."

Kọ́lá fi bùráúsà tuntun, èyí tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, sí i. Irinṣẹ́ ní ó ti gbó. Ó tún fi sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ń mu gàrí mi jẹ́ẹ́jẹ́, inú mi ń dùn.

Ọ̀gá wá ní, "Kọ́lá, mo mọ̀ ẹ́, wàá rí i ṣe." Ara mi ò gbà á mọ́. Mo gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣí bùráúsà, tuntun ni lóòótọ́. Kí wá ni irinṣẹ́ ń rí? Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ kan la máa ń ṣètò, a ó wá da gbogbo inú rẹ̀ kọ sínú àwọn yòókù. Mo yẹ orúkọ àwọn tó lè lo ẹ̀rọ náà wò, mo bá "Kọ́lá" níbẹ̀. Bùráúsà àtijọ́ tó fi sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó ń dán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wò ti bá gbogbo wọn lọ sí Ìbà. Tuntun dé, àtijọ́ ò kúrò, irinṣẹ́ sì ń rí méjèèjì. Mo yọ àtijọ́, ariwo tán.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá ti na kọ́kọ́rọ́ Igbó-Elérin sí mi. Mo yíjú sí Kọ́lá, mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí Síkírá, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin ló tọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe rí i."

Ó dénú rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi títí dòní, síbẹ̀ mo ṣì ń jowú Kọ́lá. Ká ní òun ni wọ́n fún, n kò ní lè kí i bẹ́ẹ̀.