Ọ̀mì tí Àna Mi Tọrọ

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kò sí àbùkù nínú ọ̀mì, inú máa ń bí mi. Ẹni náà kò tíì fẹ́yàwó ní Ìṣẹ́yìn ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tíṣà ni mí ní Ṣakí, mo sì wà lára àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò ọlọ́ba ti àwọn òyìnbó, fún ìlú wa nínú líìgì Òkè-Ògùn. A ti na Kìṣí, Ìṣẹ́yìn ló kù. Bí a bá borí wọn, ife di tiwa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, tiwọn ni, nítorí wọ́n ti ṣíwájú wa díẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ta tán, a ṣe déédéé, ó wá ku tábìlì tèmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló jókòó níwájú mi.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo èrò. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà bùbá mi, mo sì jókòó láti nà án. Ògbólógbòó ọ̀tayò ni, ṣùgbọ́n mo há a lọ́jọ́ náà. Sójà mi kan, ọmọ ayò tó kéré jù, ku ojú ilé méjì kó dé òpin pátákó, kó sì di ayaba; ọba tirẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò lè dé ibẹ̀ dá a dúró mọ́. Òun náà mọ̀. Ó ń làágùn nínú ọyẹ́.

Ló bá na ọwọ́ sí mi, ó sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Àna mi, jẹ́ ká fi í sí ọ̀mì. Ará ilé kan náà ṣáà ni wá."

Àwọn àgbà tó bá a wá, àwọn kan náà tó jókòó níbi ìdána mi, tẹjú mọ́ mi. Ta ni yóò jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun dá wà lófuurufú? Mo gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi pé ọmọlúàbí ni mí, wọ́n sì gbé ife lọ.

Ó pẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo fara dà á. Mo ní ó kéré tán, àna mi mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Nígbà ọdún Iléyá, ìyàwó mi lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Bó ṣe dé, ó gbé ẹran kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò sọ fún mi! Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọba yín lọ́jọ́ yẹn, pé nítorí tèmi ni àwọn ṣe fi í sí ọ̀mì. Ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.