Ata Tó Wà Lábẹ́ Tìmùtìmù

Iléèwé girama kan ní Adigbẹ ni ìjọ wa máa ń yá nígbà ọlidé gígùn, tí wọ́n á fi ṣe àgọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì fún àwọn aláàbọ̀ ara. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tísà tó wà lọ́lidé ni mí, mo sì ti sọ fún ìyá mi pé àánú ló ń gbé mi lọ. Ìyá mi ní kí n rọra, pé àánú kì í pẹ́ rẹ èèyàn.

Obìnrin télọ̀ kan láti Kémta ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú. Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ wọn méjèèjì láti kékeré, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn, mo ń sọ̀rọ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀, pé ṣé wọ́n á mu omi. Wọ́n jẹ́ kí n parí, wọ́n wá bi mí bóyá etí ló ń dùn mí.

Oúnjẹ ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ni ọ̀gá àgọ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n sì le. Àṣẹ wọn ni pé ata ò gbọdọ̀ kan oúnjẹ àwọn tó wá sinmi. Ọbẹ̀ á pupa lójú lásán. Ẹ̀wà á dà bíi pé aláìsàn ló sè é fún aláìsàn. Àmọ́ oúnjẹ àwa òṣìṣẹ́ yàtọ̀, ata rodo wà níbẹ̀ dáadáa, yàrá ẹ̀yìn la sì ti máa ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí Télọ̀ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ tísà, o ti jẹ ata." Mi ò lè sẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni táyà kẹ̀kẹ́ wọn kan rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, mo sì tì wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní oríta. Òógùn bò mí. Àǹtí Télọ̀ ní tiwọn ń kí gbogbo ẹni tó wà lọ́nà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀sán, bí ẹni ń dìbò. Ọkùnrin náà yẹ táyà wò, ó rì í bọ inú omi, ó ní kò sí ibi tó jò, pé ṣe ni ẹnì kan tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Mo wo Àǹtí Télọ̀. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run.

Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan dúró, tó fún wọn ní ike kan tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé. Ó ní àbúrò wọn ní Kémta ló ní kí òun gbé e wá. Òórùn ata díndín gba gbogbo ibẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tú táyà yìí?"

"Ta ni ìbá tú u? Kẹ̀kẹ́ ta ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Màmá Nọ́ọ̀sì ní ata ò dáa fún ìlera wọn. Wọ́n gbé ike náà sórí itan.

"Ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹ ata ni?"

Èmi fúnra mi ni mo ti ike náà bọ abẹ́ tìmùtìmù tí wọ́n jókòó lé.

Láti ọjọ́ náà, tábìlì wa di tábìlì tí gbogbo èèyàn fẹ́ jókòó sí. Bàbá kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì la fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ojú wọn ò ríran mọ́, àmọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì a máa wọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, Bàbá á sì ti gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Tí Bàbá bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ike á pòórá. Wọ́n wúkọ́ títí Màmá Nọ́ọ̀sì fi gbé òògùn ikọ́ fún wọn. Bàbá mu ún láìjanpata.

Ẹni tó tú àṣírí wa ni Bọ̀dá, ọ̀kan nínú àwọn tó wá sinmi tó ń bá wa jẹun ní tábìlì. Wọ́n ti tó ẹni ogójì ọdún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ọpọlọ wọn kì í yára bíi ti ẹlòmíràn, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ rárá. Níbi àdúrà òwúrọ̀, oníkálùkù máa ń sọ ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún. Ẹnì kan dúpẹ́ fún oorun, òmíràn dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Nígbà tó kan Bọ̀dá, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ fún ata tó wà lábẹ́ ìdí Àǹtí Télọ̀."

Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ti ṣe é tán kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Màmá Nọ́ọ̀sì dúró kí àdúrà parí. Wọ́n rìn wá, wọ́n ní kí Àǹtí Télọ̀ jọ̀wọ́ dìde díẹ̀. Àǹtí Télọ̀ fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé àwọn ì bá dìde, àfi pé ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo rí i bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe fún ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Èmi ni wọ́n pè sí ọ́fíìsì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìbéèrè tí Àǹtí Télọ̀ bi mí lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Màmá Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé lọ́dún kan, obìnrin kan tó ní ọgbẹ́ inú jẹ ata ní àgọ́ náà, díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, látìgbà náà ni àwọn ti fòfin de ata fún gbogbo èèyàn. Wọ́n fa fọ́ọ̀mù àwọn tó wà ní àgọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì péré ni wọ́n kọ ọgbẹ́ inú sí tiwọn.

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti pẹ́ lára mi jù," ni wọ́n wí. "Mo ti ń rí aláìsàn níbi tí kò sí."

Láti ọjọ́ kejì, ìkòkò àwọn tó wá sinmi di méjì, èyí tó ní ata àti èyí tí kò ní. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹ́ràn ata tó bẹ́ẹ̀, èmi ni màá máa lọ̀ ọ́ láràárọ̀. Iná ò sí, ọlọ ni mo fi lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbàgbé, mo fi ọwọ́ ata nu ojú, mi ò sì rí ibì kankan mọ́. Bàbá onídùùrù ló gbọ́ igbe mi, tí wọ́n fà mí lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn mọ ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí àgọ́ parí, ọmọkùnrin Àǹtí Télọ̀ wá mú wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá mo tọ́jú wọn dáadáa.

"Ọmọ dáadáa ni," ni Àǹtí Télọ̀ wí. "Ó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́ ni."