Kì í Ṣe Kúrúnà

Òórùn imí-ọjọ́ tí wọ́n pò mọ́ àdí ni mo fi ń rántí ilé wa ní Mile One. Èmi ni wọ́n ń fi pa láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí egbò wẹ́wẹ́ tó kún apá mi. Àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbà pé kúrúnà ni. Irọ́ ni. Èmi ni mò ń fi èékánná họ ara mi títí á fi ṣí. Bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, ọwọ́ mi á ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀, á máa wá ibi tí èépá wà. Ara á tù mí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú á wá máa tì mí. Mo sọ fún àǹtí mi yìí. Ó ní ta ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sì bu imí-ọjọ́ kún un.

Iṣẹ́ làálì ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n lé. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ sí ilé-kéwú ṣe ìgbéyàwó, èmi ló ní kí n wá lé e fún òun. Mo ti po làálì tán, mo ká apá aṣọ mi sókè kó má baà kùn ún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ rí apá mi, ló bá já ọwọ́ ọmọ rẹ̀ gbà.

Ó ní, "Craw-craw lèyí. Abeg, kó má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Àǹtí mi, tá a jọ wá, ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Àlhájà, a ti ń tọ́jú ẹ̀."

Mo yíjú sí ìyá ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Mọ́mì, kì í ràn. Èmi ni mò ń họ ọ́."

Obìnrin kan tó ń bó àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín. "Na sickness be that? Ṣebí kó jáwọ́ ni."

Ẹlòmíràn ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ilẹ̀, èmi sì wọ kẹ̀kẹ́ relé.

Ó ṣì ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ń ràn, aláìsàn ni mí. Nígbà tí mo sọ òótọ́, mo di oníwàkuwà. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni dókítà kan sọ fún mi pé àìsàn ni, pé àwa tó ń ṣe pọ̀, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè máa fura sí ọwọ́ mi kó tó gbéra. Ó ti dín kù, kò tíì tán.

Ìyá yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ìkúnlẹ̀ àǹtí mi ni. Títí dòní, bí àlejò bá tẹjú mọ́ apá mi, àǹtí á fẹ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo máa ń ní kó jókòó. Ara tèmi ni mò ń họ, n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.