Ta Ló Ń Gbọ́ Ti Mọ́mì Kánsẹ́lọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìbà. Ó ti pẹ́. Nígbà náà, ọkọ mi ń lẹ táyà ní Okokomaiko, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi lónìí.

Àkọ́bí wa jẹ́ obìnrin. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ibà mú un, ibà náà di gìrì. Kí a tó dé ọsibítù, ó ti parí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e lọ. Wọn ò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wa títí di òní. Nígbà tí mo fi máa jáde nínú yàrá, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò, àti bàtà rẹ̀, àti ife oníke tó fi ń mu ògì. Ìyá onílé wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni wọ́n, di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Má sunkún o. Tó o bá sunkún èyí, èyí tó ń bọ̀ á gbọ́, á sì padà lọ́nà." Wọn ò ní èrò ibi lọ́kàn. Ìfẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Orúkọ ọmọ mi ni gbogbo ilé fi ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ìyá Lágbájá, omi ti dé o! Ìyá Lágbájá, wá wo sítóòfù rẹ! Láti ọjọ́ kejì, mo di "Tíṣà". Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Kò sí ẹni tó tún pe orúkọ ọmọ náà mọ́, àní bàbá rẹ̀ pàápàá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí n jókòó níwájú ẹnì kan, kí n pe orúkọ ọmọ mi, kí ẹni náà má sì ní kí n dákẹ́. Ṣé ohun tó pọ̀ jù ni?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ní màmá kan tí gbogbo obìnrin ń pè ní Mọ́mì Kánsẹ́lọ̀. Ìyàwó sójà ni wọ́n, inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti ń wá. Lẹ́yìn àdúrà àwọn obìnrin ní gbogbo Ọjọ́rú, wọ́n á jókòó sínú yàrá tí a ń kó ẹ̀wù àwọn akọrin sí, a ó sì máa wọlé tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àṣà kan. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á fún un ní áńkáṣíìfù funfun kan. Yóò fi nu ojú, yóò gbé e lọ sílé, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, yóò sì dá a padà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa tí a jókòó síta máa ń fi ṣe àwàdà: "Ìwọ, o ò tíì dá áńkáṣíìfù Mọ́mì padà? Wàhálà tìrẹ mà pọ̀ o!"

Nígbà tó kàn mí, mo wọlé, mo jókòó. Mọ́mì na áńkáṣíìfù náà sí mi.

"Tíṣà, kí ló dé? Ojú rẹ ti jìn wọnú."

Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ mi ni. Ó ti..."

N kò tíì sọ ọ́ tán. Mọ́mì gba áńkáṣíìfù náà padà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi bo ojú, wọ́n sì bú sẹ́kún! Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni.

"Táyọ̀," ni wọ́n ń wí. "Táyọ̀ mi o."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé àwọn náà ti pàdánù ọmọkùnrin kan, nígbà tí wọ́n wà ní bárékè mìíràn, kí wọ́n tó dé Ọ̀jọ́. Àwọn èèyàn ti ní kí àwọn náà má sunkún. Mọ́mì sì gbọ́ràn, wọn ò sun ún. Wọ́n jẹ́wọ́ fún mi pé bí ìyá ọlọ́mọ bá gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wá, àdúrà kúkúrú ni àwọn fi ń sìn ín jáde. Wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn fi jẹ́ kí èmi jókòó pẹ́.

Kí ni kí n ṣe? Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ẹ pẹ̀lẹ́, Ma." Ìtùnú ni mo wá gbà, èmi ni mo di olùtùnú!

Mo gbé áńkáṣíìfù náà lọ sílé, mo fọ̀ ọ́. Omijé tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ti Táyọ̀ náà ni a tún sọ. Wọ́n ní bí fèrè sójà bá ti dún láàárọ̀, ọmọ náà á dìde dúró gbọnrangandan, á fi ọwọ́ òsì ṣe sàlúùtù. A rẹ́rìn-ín sí i, a sì tún sunkún sí i, ìyẹn ni pé Mọ́mì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wà níta ń kùn. Ọ̀kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ Mọ́mì ni?" Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo bi Mọ́mì pé ta ni àwọn náà ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ojú tó rin fún omijé rẹ́rìn-ín.

"Èmi kẹ̀? Kánsẹ́lọ̀! Tí mo bá lọ jókòó síwájú ẹlòmíràn, wọn ò ní sọ pé iná mi ti kú? Ta ló tún máa wá bá mi? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi í sínú."

Mo fi í sínú. Gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ló gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, pé ẹni tó bá ń gbani nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ ní ohun tó ń dùn ún.

Ní Ọjọ́rú kan, mo pinnu pé màá pe orúkọ ọmọ mi lónìí, ohun tó bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ tèmi náà..." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o.

"Fi tìrẹ sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Mi ò lè gbé méjì."

Mo gbé e mì. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹrù tó wà lórí wọn ti kún.

Nígbà tí mo padà lọ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn yàrá náà wà ní títì. Mo wọkọ̀ lọ sí bárékè, áńkáṣíìfù tí mo ti lọ̀ wà nínú Bíbélì mi. Sójà tó wà lẹ́nu géètì bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ta ni mò ń wá. "Madam, dem don go. Transfer. Na North." N kò rí Mọ́mì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdún díẹ̀ kọjá, a kó lọ sí Ìjanikin, mo sì tún lóyún. Nọ́ọ̀sì kan níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú bi mí pé oyún ìkelòó nìyí. Mo ní ìkíní, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, tí mo bá sọ ọ́, ṣé kò ní ṣe yín ní nǹkan?"

Ó ní, "Ó lè ṣe mí. Ṣùgbọ́n àgbà nọ́ọ̀sì kan wà tí èmi náà máa ń lọ jókòó síwájú rẹ̀, bí ẹ ṣe jókòó yìí. Èyí tó bá wúwo jù fún mi, mo mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Kí ni orúkọ ọmọ náà?"

Mo sọ ọ́. Ó tún un pè lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà! Oyún yẹn kò padà lọ́nà o. Ó ti di géńdé báyìí.

Ṣùgbọ́n Mọ́mì Kánsẹ́lọ̀ ni mo ń rò bí mo ṣe ń rìn lọ sílé. Ká ní àwọn náà ní ibi tí wọ́n lè gbé Táyọ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀, bóyá àyè ì bá wà fún ọmọ mi ní Ọjọ́rú. Àwọn ìyá tí Mọ́mì fi àdúrà kúkúrú sìn jáde ńkọ́? Ibo ni wọ́n gbé tiwọn lọ? Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Obìnrin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi omijé rin áńkáṣíìfù Mọ́mì, kò sì sí ẹni tó fún Mọ́mì náà ní ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ aráyé, ẹ̀yin ìyàwó pásítọ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, ẹ dákun, ẹ wá ẹni tí yóò máa gbọ́ tiyín. Kò túmọ̀ sí pé iná yín ti kú.

Áńkáṣíìfù náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí orúkọ kan bá wà tí wọn ò jẹ́ kí ẹ pè, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, a ó bá yín pè é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ tèmi, kí n sì bá Mọ́mì kọ tiwọn.

Bùkọ́lá.

Táyọ̀.