Ẹ̀yin Tí Ẹ Máa Ń Gbé Òwú Sí Oòrùn

Ó dìgbà, Màámi. Ó dìgbà tí mo bá tún rí ẹni tí yóò na òwú méjì sí oòrùn, tí yóò yí wọn wò títí kó tó sọ èyí tí ọkàn rẹ̀ yàn. Ikú ti mú yín lọ, ilé sì ti tóbi jù fún wa.

Ẹ̀yin Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Èjìnrìn létí ọ̀sà, ọmọ apẹja tó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n kọ́ ọmọ rẹ̀ ní sùúrù. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fúyẹ́. Nígbà tí bàbá wa, tí wọ́n ti Ìwó wá ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, fi yín ṣaya, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Agric níbẹ̀, ẹ sì fi iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ tọ́ àwa ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ya òdòdó sára aṣọ dé àdúgbò wa, àwọn kan ní kí ẹ pa férémù onígi tí ẹ fi ń na aṣọ tì. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó máa wọ aṣọ.

Ohun tó mú kí wọ́n máa wá yín láti Ẹ̀pẹ́ àti Imota ni àwọn ẹranko aláwàdà tí ẹ máa ń ṣe sára aṣọ ọmọdé: akàn tó dé fìlà, ewúrẹ́ tó gbé àpò lọ síléèwé, ẹja tó ń gun ọ̀pẹ. Àwàdà ni lójú wa. Lójú yín, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ kì í yan òwú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa ń ní iná ilé a máa purọ́, nítorí náà ìta lẹ ti ń yàn án. Ẹ tún máa ń sọ fún wa pé ẹranko tó bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àwọ̀ tirẹ̀. Bí akàn kò bá jọ akàn, fìlà orí rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Màámi, mo fẹ́ sọ ohun kan níwájú gbogbo èrò tó pé síbí, nítorí n kò fẹ́ kó jẹ́ ìyìn nìkan ni wọn yóò gbọ́ lẹ́nu èmi Fúnmiláyọ̀, àbígbẹ̀yìn yín.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ní awọ kan ti ń bo ẹyinjú yín. Ẹ ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́ bí ẹ bá gbé aṣọ súnmọ́ imú, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan ti ń wọnú èkejì. Pupa àti dúdú kò ṣòro fún yín. Yẹ́lò àti àwọ̀ ewé ló ń dà yín láàmú. Ẹ kò sọ fún oníbàárà kankan. Èmi nìkan lẹ sọ fún, ẹ sì ní kí n máa jẹ́ ojú yín.

Àkókò yẹn ni Àǹtí Bísọ́lá wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń retí ọmọ, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Ó fẹ́ aṣọ ìbora ọmọ, funfun, kí pẹ́pẹ́yẹ kan máa jó láàárín rẹ̀. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní ọmọ tí a retí tó báyìí, ẹ̀rín ló yẹ kó bá nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ na òwú méjì sí mi, ẹ bi mí pé èwo ni yẹ́lò nínú wọn. Mò ń dá àwọn tó ń ra bàtà lọ́wọ́ mi lóhùn lórí fóònù. N kò gbé ojú sókè. Mo ní ti ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ sì jókòó ti iṣẹ́ yín.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹ fi ṣe pẹ́pẹ́yẹ náà, n kò sì yà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò kàn fi ìlà yí i ká lásán. Ẹ to òwú tira wọn pẹ́kípẹ́kí títí ara rẹ̀ fi ń dán bí ìyẹ́. Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá yà wá wò ó, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ewé lẹ ní lọ́kàn. Mo wo aṣọ náà: òwú ọwọ́ ọ̀tún tí mo pè ní yẹ́lò, àwọ̀ ewé ni. Ẹ kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ kò tíì parí, kó fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kò bá mi wí. Ẹ ń jẹun, ẹ ń gbàdúrà, ẹ ń dáhùn ìkíni, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ méjì ẹ kò bi mí ní àwọ̀ kankan. Mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń yí òwú sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn, tí ẹ sì tún ń dá a padà sínú agolo. Ní ọjọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀. Mo ní màá ra aṣọ mìíràn, kí ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dá mi dúró.

"Fúnmi, kì í ṣe àwọ̀ ló dùn mí. Mo bi ọ́ léèrè, o kò sì wò ó kó o tó dá mi lóhùn. Ta ni mo tún fẹ́ bi?"

Mo sunkún. Ẹ fi ọwọ́ nu ojú mi, ẹ ní kí n lọ gbé agolo òwú wá.

A kò lè tú iṣẹ́ náà, nítorí ihò abẹ́rẹ́ yóò hàn lára aṣọ funfun. Ẹ bi mí pé irú àwọ̀ ewé wo ni mo fún yín. Mo gbé aṣọ jáde, mo wò ó pẹ́, mo ní ó dà bí ewé tó máa ń léfòó bo ojú ọ̀sà ní Èjìnrìn. Ẹ fọwọ́ pa ara pẹ́pẹ́yẹ náà. Nígbà tó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: pẹ́pẹ́yẹ náà ti mòòkùn sábẹ́ ewé ni, ó sì gbé gbogbo ewé náà rù jáde.

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́. Mò ń pe àwọ̀, ẹ ń pe ọnà. Yẹ́lò, tí mo wò lẹ́ẹ̀mẹta, fún àgógó àti ẹsẹ̀. Elésè àlùkò fún òdòdó ewé náà. Kókó òwú kéékèèké lẹ fi ṣe é, ẹ gbé e lé e lórí bí gèlè. Ìrán abẹ́rẹ́ tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n lẹ fi ya gbòǹgbò tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ìyẹ́ yẹ́lò kan yọ lábẹ́ apá, kí ọmọ lè mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ gidi ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá padà wá, ẹ sọ ti ojú yín fún un, ẹ ní bí kò bá wù ú, ẹ ó ṣe òmíràn. Ẹ kò dárúkọ mi. Èmi ni mo sọ tèmi fúnra mi. Ó gbé aṣọ náà mọ́ ikùn, ó ní ti ọmọ òun nìyẹn. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Ìyá rẹ̀ ní òdòdó orí pẹ́pẹ́yẹ ló máa ń fọwọ́ pa kó tó sùn.

Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń ṣe é. Ẹ kọ́ mi pé pupa pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, pé funfun pàápàá ní ti iyọ̀, ó sì ní ti ẹfun. Iṣẹ́ abẹ ojú tí a ń múra sí kò bá yín láyé. Nígbà tí àìsàn dé, ẹ ní kí a gbé yín padà sí Èjìnrìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ bi mí pé báwo ni ọ̀sà ṣe rí. Ǹ bá ti dáhùn láti orí ìjókòó mi. Mo dìde, mo sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, mo dúró níbẹ̀, mo wò ó dáadáa. Mo padà wá sọ fún yín pé ó dà bí eérú láàárín, pé létí níbi tí oòrùn ti ń yọ, ó dà bí inú ìkarahun ìgbín.

Ẹ ní, "O ṣeun tí o wò ó." Ẹ kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Màámi, ọwọ́ yín ti ṣe tirẹ̀, kó sinmi. Ẹ kí Bàámi fún wa. Ẹ sùn re o, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Èjìnrìn, ẹ sùn re.

Fúnmiláyọ̀, ọmọ yín.