Ọjọ́ Tí Tíṣà Ọlájídé Sọ Wá Di Ìmọ́lẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé wá. Tíṣà Ọlájídé ti kú, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Àmọ́ tí mo bá rántí ọjọ́ tó kó wa síta ládùúgbò wa ní New Town tó ní ká máa ṣe ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà orí mi á wú.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ Bathurst, olú ìlú Gambia, sí Banjul ni. Sáyẹ́ǹsì ni Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ ìṣirò kan ti gbà á lọ́kàn. Ó ní kí ẹ to nǹkan tó mọ́ gaara bíi dígí léra ní ìpele ìpele, oríṣi méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, kí ìmọ́lẹ̀ wá gba inú ẹ̀ kọjá. Èmi ì bá béèrè bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Tíṣà ń béèrè ẹsẹ̀ tó máa fi jáde.

Mo ní, "Tíṣà, ìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀?"

"Ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, bíi tìẹ. Èyí tó gbé sókè nígbà tó ń jáde ni mò ń wá."

Mo ní kó bá mi kí i tó bá rí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìṣirò ọ̀hún ò bá ohun táwọn onímọ̀ tó dán an wò rí mu, Tíṣà ò sì gbọ́ tẹnì kankan mọ́. Bímpé ìyàwó ẹ̀, tó ń ránṣọ, fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan ó gbé àpótí síta.

"Bàbá Rẹ̀mí, mò ń lọ bá ìyá mi n'Íjẹ̀bú. Tẹ́ ẹ bá lè jẹ́ kí n fojú mi rí nǹkan tó gbà yín lọ́wọ́ mi yìí, mo dúró. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ó dàbọ̀."

Ni Tíṣà bá sáré jáde lọ́sàn-án gangan, ó ń pè wá lórúkọ. Yanrìn ni ojú ọ̀nà wa, sìmẹ́ńtì wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan: yanrìn, sìmẹ́ńtì, yanrìn, sìmẹ́ńtì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí sìmẹ́ńtì tó gbẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ni ìmọ́lẹ̀! Lórí yanrìn, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, ẹ na ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni gbogbo yín máa fi tẹ ilà yìí. Ìyá Rẹ̀mí, ẹ máa wò wọ́n!"

A gbéra. Níwájú ilé àkọ́kọ́, Alhaji Jìbírílù aláṣọ jókòó. Simbiat tó ṣíwájú wa kúnlẹ̀: "Ẹ káàsán, bàbá." Idrissa káfíńtà, tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i ní èdè Wolof: "Naka nga def? Ana waa kër ga?" Ó béèrè ará ilé, ó béèrè àwọn ìyàwó, ó béèrè àgbò tí wọ́n ti pa jẹ lọ́dún Iléyá.

Nígbà tá a fi máa dé ìdí ilà, ẹnì kan fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan fi òsì, Idrissa ò tiẹ̀ tíì dé.

Tíṣà figbe ta. "Ìmọ́lẹ̀ kì í kí èèyàn!"

Alhaji ní, "Ìmọ́lẹ̀ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kó gba àdúgbò míì."

Bímpé ti gbé àpótí ẹ̀ karí. Tíṣà yíjú padà sí Alhaji.

"Alhaji, tí wọ́n bá kí yín, ẹ máa ń dáhùn?"

"Ṣé mo yadi ni?"

"Wọ́n á tún kí yín padà?"

"Títí tó máa fi tẹ́ wa lọ́rùn."

Ni Tíṣà bá jókòó sínú yanrìn, ó ń fi ìka kọ ìṣirò. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó lọ tààrà nìkan lòun ń kà. Ó ní èyí tó wọ inú ìpele kan máa ń kọlu ògiri, á padà, á kọlu òdìkejì, á tún padà, bíi ẹni tó ń kíni tí wọ́n ń dá a lóhùn, kó tó jáde. Lílọ bíbọ̀ yẹn ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀ padà. Ìyẹn lòun gbàgbé láti kà.

"Ẹ padà! Gbogbo iwájú ilé, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kíkí kan náà. Tẹ́ ẹ bá dìde, ẹsẹ̀ kejì ni kẹ́ ẹ fi gbéra." Ó wo ìṣirò tó kọ sílẹ̀. "Òsì lẹ máa fi dé."

A lọ. Idrissa tí ò kúnlẹ̀ fún ìyá tó bí i rí, ó kúnlẹ̀. Simbiat tẹ ilà: òsì. Èmi: òsì. Idrissa: òsì. Gbogbo wa pátá! Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ṣe ni mò ń wo ẹsẹ̀ mi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún mi.

Bímpé fohùn jẹ́jẹ́. "Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn nínú dígí, tí ẹnì kankan ò rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà. Bá a ṣe jókòó yìí."

Bímpé sọ àpótí kalẹ̀ lórí. Ó wá gbé àpótí náà wọlé. "Ẹ wá jẹun, ìrẹsì ti ń tutù."

Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, ìṣirò orí tábìlì bá tàwọn tó dán an wò mu rẹ́gí. Ṣé Tíṣà wá sinmi ni? Ó tún bọ́ sára ẹja. Ó ní awọ ẹja bóńgà náà ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ló jẹ́ kó máa dán. Á máa yí ẹja síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn, títí Sainabou ẹlẹ́ja fi ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ìyàwó?"

Nígbà tó kú, a lọ bá Bímpé jókòó. Ẹnì kan lára wa, ẹnu ẹ̀ ò ní bodè, ó ní kí ló tiẹ̀ rí lára ọkùnrin yẹn tó fi dúró tì í, kò kọ́lé, kò ra mọ́tò.

Bímpé rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. "Ó fi nǹkan tójú èèyàn ò lè rí hàn mí lójú pópó, nítorí kí n má bàa lọ. Ta ni ọkọ ẹ̀ ti ṣe irú ẹ̀ fún nínú yín?"

Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

Ó yá, ẹ fún mi ní gèlè mi. Mò ń lọ.