Èèbù Tí Wọ́n Fi Ṣe Sàráà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Àdìsá ní ìlú Kambolé kò ní láti bú u. Kó ṣáà ti sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é," kó sì jókòó síbi tó jókòó sí. Ojú ọkùnrin náà á pọ́n, á ní, "Á ṣe kí ni? Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ fẹ́ ṣe?" Kì í ṣe aláìgbàgbọ́ o. Ìrun márùn-ún kì í yẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú oko pàápàá, orí àpò ṣìmẹ́ǹtì tó tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kí ti ọ̀sán. Ohun tó máa ń sọ ni pé Ọlọ́run ló ń mú isu hù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í kọ ebè fún ẹnikẹ́ni.

Inú yìí ti ń bí i tipẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́dún tí ọ̀dá dá, tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì dé ìdajì tí ilé wọn ti gbẹ pátá. Baba rẹ̀ mọ Kùránì ju bó ṣe mọ oko lọ. Ọjọ́ kan ló wọ inú àká isu, ó kó èèbù tí wọn ì bá gbìn, ó ní kí ìyá wọn sè é. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é. Ọba tó bọ́ wa lónìí ló máa bọ́ wa lọ́la." Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àdìsá ka ọjọ́ náà. Nígbà tí òjò rọ̀, tí isu àwọn ará ìlú ń fà lórí igi, koríko ló hù sórí ebè tiwọn, baba wọn sì kó gbogbo wọn rìn lọ sí Koussountou, kí wọ́n lè máa bá olóko ro oko fún oúnjẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àwọn òwe wa ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló ru igbá ti baba Àdìsá. Títí dòní, kò gbàgbé bí ọmọ olóko yẹn ṣe dúró tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Nítorí náà, nígbà tó di ọkùnrin tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló pín àká rẹ̀ sí. Níwájú ni isu ńláńlá wà, èyí tí ilé yóò máa jẹ títí isu tuntun yóò fi jáde. Èyí tí wọn yóò gbé lọ sí ọjà Tchamba wà láàárín. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí òòrùn kò lè yọjú sí, èèbù ló wà níbẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ló sì fi bò ó. Ẹ má rò pé isu tó kọ̀ tí kò dàgbà ni èèbù. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí ewé isu ṣì tutù, àgbẹ̀ á fi sùúrù tú ebè, á gé isu ńlá kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, á sì fi ilẹ̀ bo orí náà padà pẹ̀lú gbòǹgbò àti okùn rẹ̀. Orí náà á tún ta àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ọmọ yẹn ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ilé Àdìsá tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé. Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Rìdwánù, gan-an kì í dé ẹ̀yìn àká.

Lóṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí ebè ti wà ní kíkọ tán, inú rírun kan dá Àdìsá dúbúlẹ̀. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, kò lè nà tàntàn mọ́. Wọ́n fi alùpùpù gbé e dé Tchamba, ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Sokodé. Dókítà ní ìfun ló lọ́ mọ́ra, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ní Sokodé, Ìdírísù wà níbẹ̀. Àbúrò Àdìsá ni, ọmọ ìyá kan náà. Láti kékeré ló ti kúrò nílé lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí, tó fi jẹ́ pé èdè Tem tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ báyìí. Ènìyàn rere ni Ìdírísù. Mo ní láti sọ èyí, nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pa, ó kó yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún Jùmọ̀kẹ́ àti aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ sì gba Kambolé lọ kí ilé àti ẹran má bàa wà láìsí olùṣọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé Àdìsá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Jùmọ̀kẹ́ pè lórí fóònù, ó ń sunkún. "Wọ́n ti gbé e wọlé o. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run." Ìdírísù sáré lọ bá lèmọ́mù, lèmọ́mù ní kó ṣe sàráà, kò gbọdọ̀ jáfara. Ó wọ inú àká. Ó rí isu ńláńlá níwájú, ó ní, "Èyí ni ẹ̀gbọ́n mi máa jẹ tó bá dé. Kò yẹ kí n fọwọ́ kàn án." Ti ọjà wà láàárín, ó ní ti ọjà ni. Ó wá ṣí imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn, ó rí àwọn kéékèèké, ó rò pé àṣẹ́kù ni. Kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì ló kún. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló ti pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn opó àti aláìní, kò ku ẹyọ kan. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run dá Àdìsá sí." Àdìsá kò kú.

Ìparí oṣù kejì ni wọ́n tó gbé e padà wálé, ó ń fi ọ̀pá rìn. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ tàbí àdá fún oṣù mẹ́ta. Kò jókòó. Kò tíì mu omi tí wọ́n bù fún un tó ti kọjú sí àká. Ó wọlé, ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àdúgbò gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìdírísù! Níbo ni èèbù mi wà?"

"Èèbù wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn!"

"Áà, àwọn kéékèèké yẹn?" Ojú Ìdírísù tàn. "Mo ti fi ṣe sàráà fún ẹ̀mí yín. Alihamudulilai, Ọlọ́run sì gbà á."

Àdìsá di òpó àká mú. Ó ní, "O kó ọdún tó ń bọ̀ fún àwọn ènìyàn jẹ."

"Pardon, Ẹ̀gbọ́n. N ò mọ̀. Ẹ̀mí yín ló ká mi lára."

"Ẹ̀mí mi! Kí ni kí n fi ẹ̀mí ọ̀hún ṣe? Kí n máa fi wo ebè òfìfo?"

Àwọn ará àdúgbò ti dé. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: sàráà yẹn ló yọ ọ́, Àdìsá, bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Ohun tó tún wá dá kún ìbínú rẹ̀ nìyẹn. Irú ẹjọ́ wo lèyí tí ènìyàn kò lè rò? Bó bá bínú, á dà bí ẹni tó ń bínú pé òun kò kú. Bó bá dákẹ́, òjò ń bọ̀. Ẹni ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀. Ìdírísù, tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tútù pa iná, wá la ẹnu ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọlọ́run á ṣe é."

Ọ̀pá tí Àdìsá fi ń rìn ló jù mọ́ ọn. Kò bà á, abọ́ omi ewúrẹ́ ló fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé a kì í gba sàráà padà. Ní ilé kìíní wọ́n ti jẹ ẹ́. Ní ilé kejì wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n sì tún ń yìn ín pé ó dùn. Ilé kẹfà ni ti Àbẹ̀bí, opó kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Àbẹ̀bí mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ebè bí ogójì wà tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Mo gbìn ín, Bàbá Rìdwánù."

"O mọ̀ pé èèbù ni?"

"Ṣé afọ́jú ni mí? Ta ló ń jẹ èèbù?"

"O mọ̀ pé èèbù mi ni, Ìyá Bìlálì, o sì gbìn ín!"

"Mo bi àbúrò yín bóyá tèmi ni lóòótọ́. Ó ní ti Ọlọ́run ni, kí n máa gbé e lọ. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ọdún mẹ́ta nìyí, kò sẹ́ni tó fún mi ní irúgbìn kan." Àbẹ̀bí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wú u tí ẹ bá fẹ́. Torí ẹ̀mí yín ni wọ́n ṣe fi ṣe sàráà. Bí ẹ bá lè gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ebè rèé."

Àdìsá tẹ̀ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú abẹ fà á nínú, ó kó ọwọ́ bọ ilẹ̀. Ìka rẹ̀ kan èèbù náà, ó sì rí i pé ó ti yọ ojú, ọ̀mùnú pupa kékeré kan tí kò ju oríkèé ìka lọ. Ó rántí ọ̀nà Koussountou. Ó rántí ọmọ olóko yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ilẹ̀ bò ó padà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì ń bínú sí obìnrin náà gidigidi, nítorí pé ohun tí Àbẹ̀bí ṣe gan-an ni òun náà ì bá ṣe.

"Isu ńlá yín ńkọ́?" Àbẹ̀bí bi í. "Ẹ ò lè gé e gbìn?"

"Kí ni kí á wá máa jẹ?"

Àbẹ̀bí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún ebè náà ṣe.

Nígbà tó délé, ó ní kí Ìdírísù tẹ́ ẹní sí iwájú àká, kó mú ọ̀bẹ wá, kí Jùmọ̀kẹ́ sì kó eérú wá. Isu ọjà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé, ó tán. Ó nawọ́ sí isu ilé. "Bí o ṣe ń gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kí o gé e. Kí èèpo wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Máa fi eérú pa ojú rẹ̀, kó má bàa rà. Ìwọ lo máa gbìn ín, ẹ̀rọ rẹ á dúró dè ọ́ ní Komah." Ìdírísù ń gé, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Òkìtì isu ń fà sẹ́yìn. Àgbàdo ilé ti bá owó ilé ìwòsàn lọ, gbogbo wọn ló mọ̀. Nígbà tó ku isu mẹ́fà, Jùmọ̀kẹ́ gbé méjì mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

"Bàbá Rìdwánù, ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀nyí sílẹ̀."

"Ebè ṣì kù. Gbé e sílẹ̀."

Jùmọ̀kẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìdírísù mú ọ̀kan, ó gbé ọ̀bẹ lé e, kò gé e. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, isu tuntun di oṣù kẹjọ. Kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

Àdìsá la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó wá ọ̀rọ̀ kan, kò rí i. Ó wá òmíràn. Gbogbo ètò tó ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó kan ọ̀la yìí àti ọ̀túnla. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ni, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

"Ọlọ́run á ṣe é!" ó pariwo mọ́ ọn. "Gé isu!"